Àwòrán Kan Ṣoṣo Láti Adágún Olójú-Méje

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná! Láti ìgbà tí ẹ ti dé etí adágún yìí ni mo ti ń wò yín. Ẹ na ọwọ́ síwájú, ẹ fi eyín hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ kẹ̀yìn sí omi, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kí n tó jẹ orógbó kan tán, ẹ ti ya àwòrán ogójì! Kò burú, ayé yín ni. Ṣùgbọ́n èmi Ọdẹ́yalé tí ẹ ń wò yìí, èmi a-rìn-nígbó-bí-ẹni-ń-rìn-nílé, èmi tí ẹkùn pàdé lọ́nà tó yà fún mi tó ní "Ẹ kú ìrìn, Bàbá," ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi wá àwòrán kan. Ẹyọ kan! Òun náà ló sì fún mi ní ìyàwó.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ọkọ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ yẹn, ẹ rọra, ìṣó ń bẹ lára rẹ̀. Kí lo wí, ìwọ onífìlà yẹ́lò? O ní ṣé òtítọ́ ni? Ìyá Kọ́lápọ̀, ìyàwó mi, nìyẹn tó ń yí ẹja lórí ààrò. Bí mo bá purọ́, ariwo rẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ẹ ò rí i pé kò tilẹ̀ gbójú sókè? Ó ní kí n máa sọ ọ́ lọ, òun ń gbọ́. Ó dáa.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà. Eyín mi pé, eegun mi le, ìgbéraga sì kún orí mi dé etí. Ìbọn mi ń jẹ́ Ẹ̀ẹ̀kan-Péré, torí pé n kì í yìn ín lẹ́ẹ̀mejì sí ẹran kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń ti oko ọdẹ bọ̀, tí mo gba etí omi yìí kọjá, mo sì rí ọmọbìnrin kan níwájú ààrò ẹja tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọkàn mi fò sókè. Ta ló pa ọmọ arẹwà yìí lẹ́kún? Mo bọ́ fìlà mi, mo nà án sí i, mo ní kó fi nu ojú.

Ó wò mí, ó wo fìlà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Èéfín ni o, ọdẹ. Ṣé o ò rí èéfín rí ni?"

Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Ìdúró tí mo dúró yẹn, tí wọ́n bá ní kí n sọ orúkọ bàbá mi, n kò lè sọ ọ́. Láti ọdún tí mo ti ń pa ẹran, ọjọ́ yẹn ni ẹran pa èmi. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ọmọ agbolé Olúwo-Ẹja níbí ní Òkè-Èéfín. Nígbà tí oṣù kan fi máa pé, ìfẹ́ ti rin àwa méjèèjì gbindingbindin bí òjò àkọ́rọ̀.

Àmọ́ bàbá rẹ̀ kò fẹ́ mi. Ó ní ọdẹ kì í sùn nílé, pé ọmọ òun kò ní máa dá ilẹ̀kùn tì. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Adélọ́ká, tó ń ra kòkó, tó ń wọ bàtà tó ń dún kó-kó-kó bí ẹṣin. Òun ni bàbá ń wò lójú. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána, ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ìbídùn kò jẹun mọ́. Èmi náà kò rí ẹran pa mọ́. Tí mo bá dojú ìbọn kọ ìgalà, ojú Ìbídùn ni mo ń rí. Ṣé ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ jẹ́ kí ó ṣe yín ná.

Ẹni tó gbà wá ni ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Àgbà Ẹfúntóyìn. Ìlayè ni wọ́n bí i sí, ní òdì kejì adágún yìí gan-an, níbi tí ẹ ń wò tó dà bí ìlà tí ọmọdé fà yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú un wá sílé ọkọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò padà síbẹ̀ rí. Àárín omi kò gba ọkọ̀, ìjì ń pòyì níbẹ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí wọ́n gbà mú un wá, igbó ti bò ó, àwọn iwin sì ti fi ṣe ilé. Àwọ̀ funfun sì ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Ojú ọ̀tún ti lọ, tòsì ń tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà di ariwo nínú agbolé, ìyá náà fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ ń du ọmọ mi," ó ní, "ẹ gbọ́. Kí ojú mi tó kú tán, mo fẹ́ rí ohun tí mo máa ń rí ní òwúrọ̀ nígbà tí mo bá dúró lórí àpáta tí a ti ń fọṣọ ní Ìlayè. Ẹ bá mi fi fótò yà á wá. Ẹni tó bá gbé e dé kí ọjọ́ ìdána tó pé, èmi fúnra mi ni màá fa ọwọ́ Ìbídùn lé e lọ́wọ́."

Bàbá Ìbídùn dọ̀bálẹ̀ fún un. Ta ni yóò já ìyá rẹ̀ níyàn? Gbogbo ènìyàn wá ń sọ ọ́ kiri pé, "Ìyá fẹ́ rí Ìlayè! Ìyá fẹ́ rí àpáta ìfọṣọ!" Èmi náà sì gbé e bẹ́ẹ̀.

Mo sáré lọ bá Láoyè Fótò, ayàwòrán kan ṣoṣo tí a ní. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó gbé kámẹ́rà kan jáde, àpótí dúdú tí kò ju ìdì ẹ̀kọ mẹ́rin lọ, tí dígí kékeré wà lórí rẹ̀. Mo gbà á, mo fi ìdí rẹ̀ ti èjìká, mo di ojú kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn náà ni!" mo ní.

"Tó bá jẹ́ ìbọn ni, o ti kú," ni Láoyè wí. "Ojú rẹ̀ ló kọ sí ọ yẹn."

Ọjọ́ yẹn látàárọ̀ dalẹ́ ló fi kọ́ mi. Ó ní fíìmù inú rẹ̀ gba àwòrán méjìlá, pé ihò pupa kan ń bẹ lẹ́yìn tí yóò máa fi nọ́mbà hàn mí. Ó wá di etí mi mú bí etí ọmọ iléèwé. "Yalé, ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọlé, gbogbo ohun tí o yà ti jóná nìyẹn. Kódà bí ọba bá ní kí o ṣí i, má ṣí i!" Ó ní kí n fi ohun kan dógò. Kí ni mo ní? Mo gbé Ẹ̀ẹ̀kan-Péré lé e lọ́wọ́. Báyìí ni èmi, àgbà ọ̀jẹ̀ ọdẹ, ṣe gbéra lọ sí igbó iwin láìní ìbọn, tí mo fi àpótí kọ́ ọrùn bí ẹni tó ń polówó bisikíìtì!

Ní òwúrọ̀ tí mo ń lọ, Ìbídùn tẹ̀ lé mi dé ibi igi ahùn yẹn. Ó tú gèlè funfun orí rẹ̀. Ó ní, "Ojoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, èmi á dúró sétí omi, màá máa ju gèlè yìí sí ọ títí wàá fi dé."

Mo ní, "Àyìnkẹ́ mi, báwo ni n óò ṣe rí i láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló sọ pé kí o rí i? Mo ní màá máa jù ú."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ yẹn!

Igbó àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ ni Igbó Aláìlójìji. Àwọn ará ibẹ̀ ga bí ọ̀pẹ, wọ́n tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Oòrùn ń pa wọ́n lára bó ti ń pa mí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀yìn wọn mọ́ gaara, kò sí òjìji kankan. Olórí wọn ní etí fẹ̀ǹfẹ̀ bí ewé kókò. Ó dí mi lọ́nà.

"Ọdẹ, ìbọn rẹ dà?"

"Ó wà nílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já bọ́ láti orí igi. "Ọdẹ tó fìbọn sílé! Ẹ wá wo ọkọ ẹran! Ṣé o fẹ́ bẹ ẹran ni kó wá bá ọ relé?"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo na àyà. Etí-Kókò wá ní, "A ó bi ọ́ ní ohun kan. Tí o bá gbà á, kọjá. Tí o kò bá gbà á, òjìji rẹ di tiwa. Kí ni wọ́n ń mú lára ènìyàn, tí ẹni tó mú un ní in lọ́wọ́, tí onítọ̀hún kò sì dín?"

Mo ní, "Orúkọ." Wọ́n ní rárá. Mo ní, "Ìwà." Wọ́n ní rárá. Ẹ gbà mí! Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di òjìji mi mú láti ibi orí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ẹni ń ká ẹní. Òtútù ń gun ẹsẹ̀ mi bọ̀. Wọ́n ti ká a dé ìbàdí nígbà tí mo ta gìrì, àpótí ọrùn mi sì gbá mi níhà gbì.

Mo pariwo, "Àwòrán! Àwòrán ni!"

Wọ́n tú òjìji mi sílẹ̀, ó nà pẹrẹsẹ. Wọ́n ní àwọn jogún àlọ́ náà àti ìdáhùn rẹ̀ ni, àwọn kò tíì fojú rí àwòrán rí. Mo gbé kámẹ́rà kalẹ̀, mo ní kí Etí-Kókò wo dígí kékeré orí rẹ̀. Ó rí àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n kéré bí èèrà, wọ́n sì ń ju ọwọ́. Ó kígbe! Gbogbo wọn ń ti ara wọn, "Jẹ́ kí n wò! Sún! O ti wò ó tó!" Mo ní kí wọ́n tò, mo tẹ̀ ẹ́: kàṣà. Nọ́mbà kìn-ín-ní. Mo ṣèlérí pé wọn yóò gba tiwọn nígbà tí mo bá ń bọ̀. Ijó ni wọ́n fi sìn mí jáde.

Láti ibẹ̀, ayọ̀ àwòrán gùn mí! Bí ọtí ni, ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo rí òkè kan tó máa ń tẹ ọrùn mu omi adágún lọ́sàn-án, tó bá mu yó, á gbé orí sókè á gùfẹ̀: kàṣà! Mo rí igbó òṣíbàtà tí òdòdó rẹ̀ ń là lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń dún pó-pó-pó bí àgbàdo yíyan: kàṣà! Mo rí àwọn lékeléke tó ń fi ìyẹ́ nu ojú omi kó lè mọ́ fún òṣùpá: kàṣà, kàṣà! Ní ọjọ́ keje, ihò pupa ti fi mẹ́wàá hàn mí. Mo ní, "Ọdẹ́yalé, ìwọ nìkan ló tó bẹ́ẹ̀." Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ibẹ̀ ni mo ti já sí Ìlú Ẹ-Má-Mira.

Gbogbo ìlú náà dúró lójú kan níwájú ààfin bí ère. Ọba jókòó láàárín, àwọn ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀tún, àwọn ìjòyè ní òsì, àwọn géńdé lẹ́yìn, ọmọdé lórí ẹní. Aláǹtakùn ti ta okùn láti adé ọba dé irùngbọ̀n ìjòyè rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti kú, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí ọba ń fi igun ẹnu sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ kò mì: "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi wo, Kábíyèsí?"

"Ayàwòrán. Ayàwòrán kan tò wá báyìí, ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó ní, 'Ẹ má mira o!' Bí ẹkùn ṣe bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn, ó fò, ó sá lọ. Kò sọ pé kí á mira. A ti ń dúró láti ogójì ọdún."

"Imú ń yún mi," ni olorì kan wí pẹ̀lú ẹ̀dùn.

Àánú ṣe mí. Mo gbé kámẹ́rà lélẹ̀, mo dúró níwájú wọn, mo tẹ̀ ẹ́, kàṣà, nọ́mbà kọkànlá. Mo wá kígbe bí Láoyè ti máa ń kígbe, "Ó ti tán o! Ẹ lè mira!"

Háà! Ariwo tó sọ! Eegun ń dún kẹ́kẹ́, àwọn géńdé ń nà, àwọn ìyàwó ń họ imú, ọmọdé tó ti hu irùngbọ̀n lórí ẹní dìde tó ń wá ìyá rẹ̀. Wọ́n gbé mi sókè, wọ́n fi iṣu bọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí n máa lọ, ọba na ìrùkẹ̀rẹ̀ sí mi.

"Ọdẹ ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kò sí ọdẹ tó ń pa ẹran lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tí kì í ṣí àpò han onílẹ̀ kó tó gbé e lọ. O ti pa wá sínú àpótí yẹn. Ṣí i, kí á rí ohun tí o pa."

Ẹ̀yin tí bàbá yín kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Òfin wa nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí o bá pa ẹran nínú igbó ìlú kan, ààfin lo kọ́kọ́ máa gbé e lọ. Wọn á wò ó, wọn á gba itan, wọn á súre fún ọ. Ẹni tí kò bá ṣí àpò, olè ni, orúkọ ìran rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní, "Kábíyèsí, eléyìí kò ṣeé ṣí."

Ìjòyè kan ní, "Olè ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Olè! Èmi ọmọ Ọdẹ́rìndé! Ọ̀rọ̀ Láoyè ń ta mí létí ọ̀tún, "Má ṣí i." Ọ̀rọ̀ bàbá mi ń ta mí létí òsì, "Ọdẹ kì í fi àpò pamọ́." Ẹ̀jẹ̀ gùn mí lójú, mo já ìkọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo ṣí i gbayau nínú oòrùn ọ̀sán, mo ní, "Ẹ wò ó! Ṣé ẹ rí olè níbẹ̀?"

Wọ́n yọjú. Ìwé róbótó méjì péré ni wọ́n rí. Kí n tó mí, mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Òkè tó ń mumi ti jóná. Òṣíbàtà ti jóná. Lékeléke, àwọn Aláìlójìji, ìlú yìí gan-an, mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ jóná lójú mi láìsí èéfín. Mo jókòó sílẹ̀ nínú eruku, mo sunkún, mo ń ké pé oòrùn ti pa gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Ẹ-Má-Mira kò tún mira.

Olorì tí imú ń yún ló wá sọ́dọ̀ mi. Ó tẹ̀ ba, ó wo inú àpótí láìfọwọ́ kàn án. "Èyí tó ká jọ ní apá ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́? Bí ọmọ tó ń sùn ló ká jọ. Oòrùn kò tíì dé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Dé e kíákíá!"

Mo dé e pà. Mo yí i. Ihò pupa fi méjìlá hàn mí. Ó ku ẹyọ kan! Ọba fúnra rẹ̀ gbé mi dìde, ó ní kí n má bínú, òun kò mọ̀ pé ẹran tí oòrùn ń pa ń bẹ láyé. Mo sáré kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí oyin ń lé.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá ni mo wọ Ìlayè. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí Ìlayè mọ́. Igbó ti jẹ ẹ́. Ògiri mẹ́ta ló kù, ìtàkùn sì ti ró wọn láṣọ. Àpáta ìfọṣọ nìkan ló ń dán sétí omi. Mo ní, "Ó dáa, ẹni tí kò rí ọkà á jẹ ẹ̀gẹ́." Mo gun orí àpáta, mo kẹ̀yìn sí omi, mo dojú kámẹ́rà kọ àwọn ògiri wọ̀nyẹn.

"Eléyìí lo fẹ́ fi ẹyọ kan ṣoṣo yà?" Ohùn kan ń ti inú omi sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan jókòó lójú adágún bí ẹni jókòó lórí ẹní. Olójú-Méje ni, ẹni tó ni omi yìí. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ojú rẹ̀ sì yí, adágún náà yí pẹ̀lú rẹ̀: gbogbo omi di wúrà, ó ń jó. "Yà á," ó ní. N kò tẹ̀ ẹ́. Ó tún nu ojú: òjò kan fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí omi bí ọmọge tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ títí dé kókósẹ̀. "Yà á!" Ó nu ojú: òṣùmàrè mẹ́ta wọ inú ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ó nu ojú: kùrukùru dìde, ó di ìlú funfun tó ní òpópónà. Ó nu ojú: ẹja fò, ó di ìràwọ̀, ó tún rọ̀ padà di ẹja. Ó nu ojú lẹ́ẹ̀kẹfà, òun fúnra rẹ̀ ló yọ, ó lẹ́wà débi pé ojú ń dùn mí. Ó ní, "Ya èmi, Ọdẹ́yalé, kí o dúró tì mí. Kí lo ń padà lọ bá níbẹ̀? Èéfín ẹja?"

Ẹ ò lè mọ ohun tí ó jẹ́, kí ìka wà lórí rẹ̀, kí ẹwà mẹ́fà máa kọjá, kí o má tẹ̀ ẹ́! Mo ní, "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ ìyá àgbà kan ni mo ń jẹ́. Ohun tó máa ń rí ní òwúrọ̀ lórí àpáta yìí ni mo wá yà."

Olójú-Méje wò mí lọ, wò mí bọ̀. "Nígbà náà, kí ló dé tí o kò dúró níbi tó ń dúró sí?"

Mo wo ilẹ̀. Lórí àpáta, ihò ẹsẹ̀ méjì ń bẹ, kéékèèké, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń fọṣọ ti gbẹ́ láti ìran dé ìran. Mo bọ́ bàtà. Mo fi ẹsẹ̀ mi sínú wọn. Kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fi ẹsẹ̀ síbẹ̀ kó kọjú sí Ìlayè. Àfi kó kọjú sí omi. Bí mo ṣe yí padà nìyẹn, tí mo gbé ojú sókè, tí orí mi wú.

Òkè-Èéfín ni! Ilé wa! Ẹfúntóyìn kò sọ rí pé òun fẹ́ rí Ìlayè. Ìlú wa ló ń rí láràárọ̀ láti ibẹ̀ kó tó mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "ó jìnnà, kùrukùru bò ó."

Olójú-Méje rẹ́rìn-ín. "Ojú mi keje nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí léèrè rẹ̀ rí." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo tẹ́ omi náà, ó tẹ́ bíi dígí. Atẹ́gùn mọ́. Fún ìwọ̀n èémí kan, mo rí i ketekete: òkè, igi ahùn, èéfín ààrò tó ń gòkè fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Mo di èémí mú bí ọdẹ tó rí ẹfọ̀n.

Kàṣà.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé! Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn Aláìlójìji, wọ́n tẹ́ ọwọ́. "Àwòrán wa dà?" Mo ronú irọ́ mẹ́ta, ó rẹ̀ mí. Mo ní, "Mo ṣí àpótí, oòrùn pa á. Ẹ̀bi mi ni." Etí-Kókò ya ẹnu. Ó ní láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀, òun kò rí ọdẹ tó gbà pé òun jẹ̀bi rí. Inú wọn dùn sí i débi pé wọ́n gbé mi lé èjìká, ẹsẹ̀ wọn gùn, wọ́n sì sáré gbé mi já sẹ́yìn ilé Láoyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdána.

Láoyè wọ yàrá òkùnkùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, "Yalé, o ṣí i!" Ó tún ní, "Ẹyọ kan yè."

Nígbà tí mo wọ agbolé, èrò ti kún. Adélọ́ká ti wà níwájú Ìyá Àgbà, ó ń fi fótò ńlá kan hàn án, tó ní láti Ìlayè ni. Ìyá gbé e sún mọ́ ojú òsì rẹ̀ títí ó fi kan imú.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí ló dé tí omi yìí ṣẹ́ po láàárín?"

Gbogbo ènìyàn wò ó. Aṣọ ni! Aṣọ tí wọ́n ya adágún sí, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù fótò nígboro máa ń ta sẹ́yìn ènìyàn. Ó ti ṣẹ́ po níbi tí wọ́n ti ká a. Ẹ̀rín bú! Adélọ́ká wá ọ̀nà jáde, bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó.

Mo kúnlẹ̀, mo fi tèmi sọ́wọ́ ìyá. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ. Bàbá Ìbídùn na ọrùn, ó sì fi ẹnu ṣe pọ̀ọ́. "Ìlú wa lo lọ yà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá?"

Ìyá Àgbà kò gbọ́ ọ. Ó wò ó pẹ́, pẹ́ gan-an. Omi dà lójú rẹ̀, èyí kì í ṣe ti èéfín.

"Bó ṣe máa ń rí nìyí," ó ní. "Mo máa ń fọ aṣọ, màá na ẹ̀yìn, màá wo èéfín yìí, màá ní, ẹnì kan ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ tí kò tíì mọ̀ pé èmi ni òun máa fẹ́." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ àwòrán náà, níbi tí omi ti pàdé ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun funfun kékeré yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tèmi. Kí ni?"

Èmi alára kò rí i tẹ́lẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó kéré bí ìrẹsì.

Ìbídùn wà lẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, gèlè funfun náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní jẹ́jẹ́, "Èmi ni, Màmá."

Ìyá Àgbà kò tún bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó mú tèmi, ó fi ọ̀kan lé èkejì. Kó tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, ojú òsì náà ti pa dé. Wọ́n ní ohun tó rí kẹ́yìn láyé ni àwòrán yìí.

Òun nìyí nínú ike. Ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gbà á. Ẹ ò rí i? Níbẹ̀ yẹn, lẹ́bàá omi, ìwọ onífìlà yẹ́lò, tẹ ojú mọ́ ọn: ojú tó bá farabalẹ̀ ló ń rí imú.

Kí lo wí, Ìyá Kọ́lápọ̀? Ẹ gbọ́ ohun tó ń wí o! Ó ní kò sí irọ́ níbẹ̀, àfi ibi tí mo ní ẹkùn yà fún mi. Ó ní òun kò ya fótò kankan, òun kò pàdé iwin kankan, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rìnlá lòun fi ju gèlè, apá sì ń ro òun títí di òní olónìí.

Ẹ dìde. Ẹja ti jinná.